Mazda MX-5 àlòkù: àwọn ìbéèrè tẹ́ ẹ máa ń bi mí jù, àti ìdáhùn wọn

Ìbéèrè kan náà ni mo ti ń dáhùn láti ọjọ́ yìí, lórí fóònù, lórí WhatsApp, nígbà míì lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, ni mo bá ní kí n kúkú kó gbogbo ẹ̀ jọ síbì kan. Mọ́tò tí mò ń sọ ni Mazda MX-5 ti àtijọ́, bó ṣe wà nílẹ̀ Britain níbí, níbi tí òjò àti iyọ̀ ojú títì kì í jẹ́ kó sinmi. Èyí tó bá kàn yín ni kẹ́ ẹ kà, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá kà á tán.

MX-5 wo lẹ̀ ń sọ gan-an? Mò ń rí oríṣiríṣi.

Méjì àkọ́kọ́ ni. Èyí tí iná iwájú ẹ̀ máa ń yọjú sókè bí ojú ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n ń pè ní NA, 1989 ló jáde, wọ́n sì ń ṣe é títí dé 1997. Èyí tó tẹ̀ lé e tí iná ẹ̀ dúró sójú kan, NB nìyẹn, láti 1998 dé 2005. Àwọn ará ibí máa ń pe NA ní Mk1, wọ́n a pe NB ní Mk2, wọ́n a wá pe èyí tí wọ́n tún ojú ẹ̀ ṣe ní 2001 ní Mk2.5. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ Miata, òun náà ni, orúkọ tí wọ́n ń pè é l'Amẹ́ríkà nìyẹn, Eunos Roadster sì ni wọ́n ń pe NA ní Japan.

Ẹ́ńjìnnì 1.6 ló kọ́kọ́ wà, 1.8 dé ní 1993. Ẹ mọ èyí tó wà nínú tiyín kẹ́ ẹ tó náwó sí páàtì, torí ọ̀pọ̀ nǹkan ara 1.6 kì í wọ 1.8, búréèkì wọn gan-an ò dọ́gba.

Mo fẹ́ lọ wo ọ̀kan tí wọ́n ń tà. Kí ni kí n kọ́kọ́ wò?

Ẹ má tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ lọwọ́ gbogbo wa máa ń yá sí, àmọ́ ẹ́ńjìnnì mọ́tò yìí le bí òkúta, omi ló ń pa á, kì í ṣe eré. Ẹ kúnlẹ̀ níwájú táyà ẹ̀yìn, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ irin gbọọrọ tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, sill ni wọ́n ń pè é, pàápàá níbi tó ti fẹ́ pàdé táyà. Irin gidi kì í mira. Tó bá ń rọ̀ wọnú, tó ń dún ṣákaṣàka bíi búrẹ́dì tó ti gbẹ, tàbí tí ọ̀dà ibẹ̀ ti wú roro bí ara tí ooru bù, inú ti jẹrà lọ nìyẹn, ti inú yẹn á sì pọ̀ ju èyí tẹ́ ẹ rí níta lọ dáadáa.

Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré dání, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fíríìjì ti tó, ẹ fi aṣọ wé e kó má ha ọ̀dà. Ibi tó bá kọ̀ tí kò lẹ̀ mọ́, fílà, ẹ̀rọ́ tí wọ́n fi ń dí ihò kí wọ́n tó kùn ún, ni wọ́n rọ́ síbẹ̀, irin ti tán.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni MOT, àyẹ̀wò ọdọọdún tí mọ́tò gbọ́dọ̀ yege níbí. Sill yìí wà lára egungun mọ́tò, ó sún mọ́ ibi tí bẹ́líìtì ìjókòó àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti so mọ́ ara ọkọ̀, ìpẹtà tó bá sì ti wà láàárín 30 cm síbi irú ìso bẹ́ẹ̀, tó ti sọ irin ibẹ̀ di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, wọn ò ní fún un ní MOT àfi tí wẹ́dà bá gé e kúrò tó fi irin tuntun jó o yípo. Owó iṣẹ́ yẹn lè ju owó tí wọ́n ta mọ́tò fún yín lọ, ẹ jọ̀ọ́, mo ti rí ẹni tó sunkún lé e lórí.

Kápẹ́ẹ̀tì mi rin gbingbin lẹ́yìn òjò. Ṣé aṣọ òrùlé ló ya?

Lọ́pọ̀ ìgbà rárá o. Omi tó bá ṣàn kúrò lórí aṣọ òrùlé máa ń bọ́ sínú kòtò rọ́bà kan lẹ́yìn ìjókòó, ihò kan wà lọ́tùn-ún ọ̀kan lósì, níbi tí bẹ́líìtì ìjókòó ti ń jáde wá, omi á gba ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀ á sì jáde lábẹ́ mọ́tò níwájú táyà ẹ̀yìn. Tí ewé àti ẹrọ̀fọ̀ bá ti dí ihò yẹn, omi ò ríbi gbà mọ́, á kún, á wá máa ya wọ kápẹ́ẹ̀tì, á tún máa ya sínú sill lọ dúró síbẹ̀ láti ìgbà òjò dé ìgbà òtútù. Ẹ ti wá rí i pé ìbéèrè yìí àti ti òkè yẹn, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Ẹ bu omi sínú ife, ẹ dà á sínú kòtò náà ní díẹ̀díẹ̀, kí ẹlòmíì máa wo abẹ́ mọ́tò. Tó bá ń jáde geere, kò sí wàhálà. Tó bá dúró tàbí tó ń kán tó, tó, ó ti dí. Ẹ má fi wáyà híhá tàbí sukurudíráfà gún un, rọ́bà abẹ́ ẹ̀ á lu, wàhálà á wá di méjì. Okùn ọ̀rá tí wọ́n ń fi sínú ẹ̀rọ gékoríko ni mò ń lò, mo máa ń fi iná yọ́ ẹnu ẹ̀ kó rí róbótó, màá wá máa ti ń yí i wọlé jẹ́jẹ́, màá tún fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣàn án. Èyí tí mo ṣe gbẹ̀yìn, ẹrọ̀fọ̀ dúdú ló kọ́kọ́ tú jáde, ó ń rùn bíi kòtò gọ́tà, lẹ́yìn ẹ̀ ni èso igi kékeré kan bọ́ sílẹ̀, ó ti hu, ó ti yọ ewé méjì nínú ihò mọ́tò.

Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni kẹ́ ẹ máa ṣe é, ọ̀kan nínú ẹ̀ kó jẹ́ lẹ́yìn tí ewé bá ti wọ́ tán.

Gíláàsì ẹ̀yìn NA mi ti fọ́, ó sì ti pọ́n. Ṣé wọ́n lè tún un ṣe?

Ike ni, kì í ṣe gíláàsì, tó bá ti fọ́, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ máa tú síípù ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ká òrùlé sílẹ̀, ẹ má sì ká a nígbà tí òtútù bá mú. Ti NB, gíláàsì gidi ló wá pẹ̀lú ẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ti gbé òrùlé NB sórí NA, ó wọ̀ ọ́ dáadáa.

Bátìrì mi ń kú ṣáá, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá irú tó yẹ lẹ rà. Inú búùtù ni bátìrì mọ́tò yìí wà, kò sí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n fi síbẹ̀ láti ilé iṣẹ́ jẹ́ èyí tí wọ́n dé pa tó ní ọmọ páìpù kékeré tó ń gbé afẹ́fẹ́ ẹ̀ jáde síta. Ẹni tó bá gbé bátìrì lásán síbẹ̀ láìsí páìpù, gáàsì ẹ̀ á dúró sínú búùtù, ásíìdì ẹ̀ á sì máa jẹ irin ilẹ̀ búùtù. Ẹ gbé bátìrì yín kúrò kẹ́ ẹ wo abẹ́ ẹ̀, ẹ lè bá ihò níbẹ̀.

Tí bátìrì bá dáa tó ṣì ń kú, ohun kan ló ń fa iná nígbà tí mọ́tò wà nílẹ̀. Rédíò tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn so àti àláàmù àtijọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Ẹ so mítà tó ń wọn iná sáàárín bátìrì àti wáyà ẹ̀, ẹ máa yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tẹ́ ẹ bá yọ tí nọ́ńbà bá já wálẹ̀, ẹ tẹ̀ lé wáyà ẹ̀.

Wíńdò ń lọ sókè bí ẹni tó rẹ̀.

Gírísì inú ẹ̀ ló ti gbẹ. Ẹ ṣí inú ilẹ̀kùn, ẹ nu ojú irin tó ń gùn kó mọ́, ẹ fi gírísì tuntun sí i, ọ̀rá wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ tó mú gíláàsì dání náà máa ń fọ́, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Mọ́tò wíńdò fúnra ẹ̀ kì í sábà bàjẹ́, ẹ má tíì rà á.

Iná iwájú kan dìde, èkejì ò dìde.

NA nìkan lèyí kàn. Kó má bàa di pé ẹ dúró sínú òkùnkùn, ọmọ ìyí kan wà lára mọ́tò iná kọ̀ọ̀kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, rọ́bà ló dé e, ẹ lè fọwọ́ yí i títí iná á fi gòkè. Ẹ yọ fíúsì ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kiwọ́ bọ ibẹ̀, torí tó bá gbéra lójijì, ó lè gé èèyàn níka.

Ẹ́ńjìnnì ń dún tíkí-tíkí-tíkí tí mo bá ṣí i láàárọ̀. Ṣé ó ti fẹ́ nọ́ọ̀kì ni?

Tó bá jẹ́ NA, tó jẹ́ òkè ẹ́ńjìnnì ló ti ń dún, tó sì máa ń lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀. Àwọn ife irin kékeré kan wà láàárín fáàfù àti camshaft, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, ọ́ìlì ló ń kún inú wọn kí wọ́n lè dúró gírígírí, tí ọ́ìlì bá ti gbó tàbí tó dín, wọn ò ní tètè kún, wọ́n á máa kan ara wọn. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fítà, ẹ wà á fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ tún pààrọ̀ ẹ̀. Tó bá ṣì ń dún, ẹ lè kó wọn jáde kẹ́ ẹ fọ̀ wọ́n, iṣẹ́ ọjọ́ kan ni.

NB ò ní ife olọ́ìlì yẹn, torí náà tí NB bá ń dún bẹ́ẹ̀, àlàfo fáàfù ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n wọ̀n. Nọ́ọ̀kì gidi yàtọ̀: ìsàlẹ̀ ló ti ń wá, ohùn ẹ̀ wúwo, gbọ̀ gbọ̀ gbọ̀, tẹ́ ẹ bá tẹ epo, á le sí i. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ìyẹn, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ má wà á délé.

Ó ń gbóná. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá, kẹ́ ẹ wá wo ike tó wà lókè rédíétọ̀. Dúdú ló yẹ kó jẹ́. Tó bá ti pọ́n tàbí tó ń fẹ́ dà bí ewé gbígbẹ, ó ti gbó, ọjọ́ kan á kàn là lójú títì ni. Rédíétọ̀ mọ́tò yìí ò wọ́n, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ kó tó pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ wo omi inú rédíétọ̀ fúnra ẹ̀, kì í ṣe inú ike ẹ̀gbẹ́ nìkan, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wo fáànù bóyá ó ń yí nígbà tí mọ́tò dúró sójú kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ thermostat, fáàfù tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná, jù sọnù bí àwọn mẹkáníìkì wa kan ṣe máa ń ṣe nílé. Òtútù ibí ò gba ìyẹn, ẹ́ńjìnnì ò ní gbóná dé ibi tó yẹ láéláé, á máa mu epo, hítà ò sì ní ṣiṣẹ́. Omi lásán náà ò dáa, ó máa di yìnyín á sì la irin, ìdajì omi ìdajì antifreeze ni.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá rọ omi tuntun, afẹ́fẹ́ máa ń há sínú ẹ̀. Ẹ fi jáàkì gbé iwájú sókè, ẹ ṣí hítà dé òpin, kí ọmọrí rédíétọ̀ wà ní ṣíṣí láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ti tutù, ẹ wá ṣí mọ́tò kẹ́ ẹ máa fún họ́ọ̀sì òkè bí ẹni fún ọmú, ẹ máa rí i tó ń hó pọ̀ọ́ pọ̀ọ́ títí á fi dákẹ́. Tí hóhó yẹn ò bá dákẹ́ rárá, tí omi ń dín láìjò síta, tópù gásíkẹ́ẹ̀tì ni.

Mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó lọ sílẹ̀ pátá, kò padà. Ṣé kílọ́ọ̀ṣì ti jẹ tán ni?

Ó ṣeé ṣe kí kílọ́ọ̀ṣì fúnra ẹ̀ má ṣe nǹkan kan. Omi búréèkì ló ń tì í, ẹ wo ike kékeré tirẹ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì bóyá omi ẹ̀ ti lọ sílẹ̀ tàbí ó ti dúdú bí kọfí. Ẹ gbé mọ́tò sórí sítáǹdì tó dúró dáadáa, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ gíábọ́ọ̀sì, ẹ máa rí slave cylinder, irin kékeré tí rọ́bà dúdú bo ẹnu ẹ̀. Ẹ ká rọ́bà yẹn díẹ̀. Tí omi bá ṣàn lé yín lọ́wọ́, ẹ ti rí i.

Àmì ẹ̀ máa ń ti wà ṣáájú: ẹ fẹ́ wọ gíà ẹ̀yìn, ó ń ké gíìrì. Ẹ pààrọ̀ slave àti master, ìyẹn ti òkè tí pẹ́dà ń tì, lẹ́ẹ̀kan náà, torí tí tuntun bá ti ń fún agbára, èyí tó ti gbó nínú méjèèjì ló máa ń jò tẹ̀ lé e. Ẹni méjì ló ń fa afẹ́fẹ́ jáde, kí ẹni tó ń tẹ pẹ́dà má gbẹ́sẹ̀ àfi tí ẹni tó wà lábẹ́ bá ní ó ti dè é. Omi yẹn sì máa ń bó ọ̀dà, tó bá kán sára mọ́tò, omi lásán ni kẹ́ ẹ yára dà lé e.

Ọ́ìlì ń jò láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì, mẹkáníìkì ní ká sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀.

Ẹ dúró ná. Èmi náà ti jìyà èyí rí. NA àkọ́kọ́ tí mo ní, mo gbé e lọ sí ìdí iṣẹ́ kan, wọ́n ní síìlì ẹ̀yìn kíráǹkì ni, wọ́n sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀, wọ́n gba owó tó tó mi í san rẹ́ǹtì, ọjọ́ kẹta mo tún bá ọ́ìlì nílẹ̀. Rọ́bà róbótó kan tí kò tó òrùka ọwọ́ ló ń jò, owó ẹ̀ ò tó ti oúnjẹ ọ̀sán.

Lẹ́yìn orí ẹ́ńjìnnì NA, lọ́hùn-ún tó kọjú sí yín tẹ́ ẹ bá jókòó, sensọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní CAS, ó wọnú orí ẹ́ńjìnnì, rọ́bà ló dí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Rọ́bà yẹn máa ń le bí ike tó bá ti pẹ́, ọ́ìlì á wá máa ṣàn lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì wálẹ̀ á sì jáde gẹ́lẹ́ níbi tí ti síìlì kíráǹkì ti ń jáde. Ẹ ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ibẹ̀, kẹ́ ẹ fi ìka fọwọ́ kan abẹ́ sensọ̀ náà. Tó bá tutù pẹ̀lú ọ́ìlì, òun ni.

Bóòtù 12 mm kan ló dì í mú. Kẹ́ ẹ tó tú u, ẹ fi ọ̀bẹ tàbí kíkùn funfun sàmì síbi tó wà gan-an, torí bó ṣe dúró ni iná ẹ́ńjìnnì ṣe ń ta, tẹ́ ẹ bá dá a padà síbòmíì, mọ́tò á máa gun. Rọ́bà tuntun, ọ́ìlì díẹ̀ lára ẹ̀, ó tán. Ẹ tún wo gásíkẹ́ẹ̀tì ọmọrí tó bo òkè ẹ́ńjìnnì náà, òun ni ẹlẹ́bi kejì.

Ó ń gbọ̀n, kò fẹ́ fà, pàápàá tí ilẹ̀ bá tutù.

Wáyà púlọ́ọ̀gì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Lálẹ́, nínú òkùnkùn biribiri, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, ẹ fi ìgò tó ń fọ́n omi fọ́n ìkùukùu omi díẹ̀ sítòsí àwọn wáyà, kẹ́ ẹ jìnnà, kẹ́ ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá rí iná búlúù tó ń fò ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀ láti ara wáyà lọ sára irin, ẹ ti rí olè yín.

Kọ́ìlì mọ́tò yìí, ọ̀kan ló ń bọ́ sílíńdà 1 àti 4, èkejì ń bọ́ 2 àti 3. Ẹ lo ìyẹn: tí 1 àti 4 bá kú pa pọ̀, kọ́ìlì ni. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan ló kú, wáyà tàbí púlọ́ọ̀gì ni. Tẹ́ ẹ bá wá yọ ọmọrí púlọ́ọ̀gì tẹ́ ẹ bá ọ́ìlì nínú ihò, gásíkẹ́ẹ̀tì ọmọrí òkè yẹn ló tún fà á, ẹ ṣe é kẹ́ ẹ tó ra wáyà tuntun, kó má lọ bà á jẹ́.

Búréèkì ẹ̀yìn kan ń gbóná, hándìbúréèkì ò sì mú dáadáa.

Kálípà ẹ̀yìn ló há. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá wà á díẹ̀, ẹ súnmọ́ wíìlì méjèèjì láìfọwọ́ kàn án, èyí tó há á máa ta ooru sí yín lójú. Pín tí kálípà ń rìn lórí ẹ̀ máa ń gbẹ, nígbà míì ẹ kàn máa fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fi gírísì búréèkì sí i, á padà bọ̀ sípò. Tí lífà hándìbúréèkì ẹ̀yìn ẹ̀ ò bá padà fúnra ẹ̀ tẹ́ ẹ bá tú kébù, kálípà gan-an ló ti kú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba a jẹ́ nìyí o: wọ́n fẹ́ fi páàdì tuntun sí i, wọ́n mú kílámù, wọ́n fi agbára ti písítìnì ẹ̀yìn wọlé. Kì í wọlé bẹ́ẹ̀. Bóòtù kan wà lẹ́yìn kálípà, 14 mm ni sípánà ẹ̀, ẹ tú u, ẹ máa rí ihò tí Allen key 4 mm wọ̀, ẹ yí i sápá òsì, písítìnì á máa padà wọlé jẹ́jẹ́. Tẹ́ ẹ bá to páàdì tán, ẹ yí i padà sọ́tùn-ún títí á fi fẹ́ mú, kẹ́ ẹ wá dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí díìsì lè yí. Hándìbúréèkì tí ò mú yẹn, lọ́pọ̀ ìgbà àtúnṣe yìí nìkan ló ń fẹ́, kì í ṣe kébù.

Ìgbà wo ni kí n pààrọ̀ timing belt, bẹ́líìtì tó so kíráǹkì pọ̀ mọ́ camshaft?

Nǹkan bí 60,000 máìlì. Tí ẹni tó tà á fún yín ò bá ní rìsíìtì lọ́wọ́, ẹ kà á sí pé wọn ò ṣe é rí. Ti 1.6 NA, tó bá já, fáàfù àti písítìnì kì í kan ara wọn, mọ́tò á kàn kú ni. Ẹ pààrọ̀ pọ́ǹpù omi àti síìlì ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí iṣẹ́ kan náà lẹ máa tún san owó ẹ̀ tó bá yá.

Gíà kejì ń ṣagídí láàárọ̀, ooru àti ariwo sì ń ti ìdí gíà jáde.

Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Gíà kejì tó le nígbà tí ọ́ìlì tutù, bí ìṣẹ̀dá ẹ̀ ṣe rí nìyẹn, ọ́ìlì gíà tuntun 75W-90 máa dín in kù, ẹ má sì fi tipá wọ̀ ọ́ kó tó gbóná. Ooru àti ariwo, rọ́bà abẹ́ ìdí gíà ló ti ya. Kòtò kékeré tí ìdí gíà dúró sí náà ní ọ́ìlì tirẹ̀, kò kún ife tíì kan, ó sì máa ń gbẹ láìsẹ́ni tó rántí ẹ̀. Ẹ rọ ọ́, ẹ ó rí i bí ọ̀pá gíà á ṣe máa yọ̀ wọlé.

Géèjì ọ́ìlì mi kì í mira, àárín ló máa ń wà. Ó ti bàjẹ́ àbí?

Títí di 1994, géèjì gidi ni, ó ń gòkè ó ń sọ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ epo. Láti 1995 wọ́n sọ ọ́ di pé ọ́ìlì wà tàbí kò sí, àárín náà ló máa dúró sí. Ẹ máa fa ọ̀pá ọ́ìlì wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ má gbára lé e.

Mi ò ní ẹ̀rọ sìkánà. Báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tó ń ṣe NA mi?

Àpótí dúdú kékeré kan wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ DIAGNOSIS sí lórí. Ẹ ṣí i, ẹ fi wáyà kékeré so TEN mọ́ GND, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láìṣí mọ́tò, iná ẹ́ńjìnnì ojú dáṣíbọ́ọ̀dù á máa ṣẹ́jú. Tí dáṣíbọ́ọ̀dù yín ò bá ní iná yẹn, ẹ so LED kékeré sáàárín FEN àti B+. Ìṣẹ́jú gígùn ni mẹ́wàá, kúkúrú ni oókan. 08 ń sọ nípa ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́, 09 ni sensọ̀ ooru omi, 15 ni sensọ̀ inú sàlẹ́ńsà.

Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ìdájọ́ o. Ó lè pe 09 kó jẹ́ pé wáyà ló já, sensọ̀ ò ṣe nǹkan kan, ẹ yẹ wáyà àti orí ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó ra tuntun. Ti NB láti 2001, sìkánà OBD lásán ló ń bá a sọ̀rọ̀.

1.6 mi ti ọdún 1990 ò lágbára mọ́, gbogbo nǹkan ni mo ti pààrọ̀.

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, ẹ tẹjú mọ́ púlì ìsàlẹ̀ iwájú. Ṣé ó ń yí gbọọrọ àbí ó ń jó? Tó bá ń jó, ẹ pa á. Àwọn 1.6 àkọ́kọ́, títí wọ inú ọdún 1991, imú kíráǹkì wọn kúrú, kọ́kọ́rọ́ irin kékeré tó mú púlì dání máa ń jẹ ojú ihò ẹ̀, àsìkò tí iná ń ta á wá máa pẹ́ lẹ́yìn, agbára á máa lọ. Ẹ ka ojú ihò tó wà lára ìdí púlì: mẹ́rin jẹ́ imú kúkúrú, mẹ́jọ jẹ́ imú gígùn tí kò ní wàhálà yìí.

Ohun tó sábà ń fà á ni pé ẹni tó pààrọ̀ timing belt kò fún bóòtù yẹn dé ibi tó yẹ. Tí kò bá tíì jẹ púpọ̀, àwọn kan máa ń fi kọ́kọ́rọ́ tuntun, bóòtù tuntun àti gọ́ọ̀mù Loctite 660 dì í, mo ti rí èyí tó ṣì ń rìn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Tó bá ti jẹ jìnnà, ẹ wá ẹ́ńjìnnì mìíràn, kíráǹkì nìkan ò jẹ owó iṣẹ́ ẹ̀.

Mo fẹ́ fi tèmi ránṣẹ́ sílé, sí Èkó.

Sitíárì ọwọ́ ọ̀tún ni ti ibí. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972 ni Nàìjíríà ti ń rìn lápá ọ̀tún, ẹ ò ní rí iwájú tẹ́ ẹ bá fẹ́ yà lẹ́yìn tírélà, mọ́tò tó sì kéré bẹ́ẹ̀, awakọ̀ tírélà ò ní rí ẹ̀yin náà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ dandan, Miata ti Amẹ́ríkà ni kẹ́ ẹ wá.

Sill NB mi mọ́ tónítóní, wọ́n ṣì ní kò lè gba MOT. Kí ló kù?

Iwájú. Lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, irin gbọọrọ méjì wà tó gbé iwájú mọ́tò dúró, ti NB ní irin míì nínú irin, omi àti iyọ̀ á wọ àárín méjèèjì, á sì máa jẹ ẹ́ láti inú láìjẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí i, ike abẹ́ ẹ́ńjìnnì tún bò ó. NA kì í sábà ní èyí, ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, pé ti tuntun ló burú ju ti àgbà lọ. Ẹ tú ike yẹn sílẹ̀, ẹ fi ìdí sukurudíráfà kan ibẹ̀ lọ láti iwájú dé ibi tí apá ìsàlẹ̀ táyà ti so mọ́ ọn. Irin tó yè máa ń dún kangó. Ibi tó bá dún bọ̀, ẹ tì í díẹ̀.

Tó bá jẹ́ iwájú níbẹ̀ nìkan ló lu, wẹ́dà tó mọṣẹ́ máa gé e á sì jó tuntun sí i, wọ́n ń ta irin tí wọ́n ti gé fún un. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fọ́n wax sínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí òtútù tó dé. Tó bá ti jẹ dé ibi tí apá táyà ti so, ní tèmi, mi ò ní bá yín tún un ṣe, màá ní kẹ́ ẹ tú u tà: ẹ́ńjìnnì, gíábọ́ọ̀sì, díìfù, òrùlé, ìjókòó, iná, kò sí èyí tí kò lẹ́ni tó ń wá a lójú méjèèjì.